Orin ní èdè méjì, kàtúùnù lọ́wọ́ ara ẹni: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa iṣẹ́ olórin tó tún ń yàwòrán

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ya kàtúùnù orin náà, ń pọ̀ sí i, ìbéèrè wọn kì í sì í tán. Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù lọ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú mi. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi: tí ẹ bá ti mú Yorùbá wọ inú orin, ẹ jẹ́ kó ṣe olórí níbẹ̀. Kó darí ohùn orin, kó darí ẹnu ẹni tí ẹ yà, kó sì dé orí àkọlé tí ẹ kọ sí fídíò.

Àǹtí, ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí ní tòótọ́?

Ó ṣeé ṣe. Gints Zilbalodis, ọmọ ilẹ̀ Latvia, dá fíìmù kàtúùnù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 2019, ṣe látòkè délẹ̀. Òun ló yà á, òun náà ló kọ orin inú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, Flow, jáde ní 2024, ó sì gba Oscar fún kàtúùnù ní 2025. Nígbà yẹn ó ti ní àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú orin náà. Òun àti ẹnì kan ni wọ́n jọ kọ ọ́.

Àwọn mìíràn pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ Gorillaz tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1998, Damon Albarn ló ń bójú tó orin, Jamie Hewlett ló ń ya àwòrán, àwọn ẹ̀dá inú àwòrán yẹn sì ni aráyé mọ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ náà. Rebecca Sugar ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ya stọ́rìbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí eré ṣe máa lọ hàn, fún eré àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń dá orin sínú eré náà. Nígbà tó di 2013, eré tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Cartoon Network, orin sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ dá orin àkọ́kọ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ti wù kó kúrú tó. Ẹ ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá alábàáṣe, torí ẹ ó ti mọ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, orin ni àbí àwòrán?

Orin. Àwòrán ló ń tẹ̀ lé ohùn. Tí ẹ bá yí ohùn padà lẹ́yìn tí ẹ ti yàwòrán tán, ẹ ti sọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan nù.

Ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ mi.

Ẹ wo Bùkọ́lá Elémidé tí gbogbo wa mọ̀ sí Aṣa. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1982, Èkó ló ti dàgbà. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007 lábẹ́ ilé iṣẹ́ Naïve nílẹ̀ Faransé, orin Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sì jọ wà nínú rẹ̀. Ní 2008, àwọn Faransé fún un ní ẹ̀bùn Prix Constantin. Yorùbá inú àwo náà ò dí i lọ́nà. Beautiful Nubia ti ń da èdè méjèèjì pọ̀ láti ọdún gbọọrọ, Brymo náà sì gbé àwo méjì jáde pọ̀ ní 2021, tó sì jẹ́ pé Yorùbá ló fi kọ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Sarah Midori Perry, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ Kero Kero Bonito ní London, ìlú Otaru ní Japan ló ti dàgbà, ọmọ ọdún 13 ló wà nígbà tó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń kọ èdè Japan àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú orin kan ṣoṣo, àwọn tí kò gbọ́ èdè Japan sì ń bá a gbè é.

Bí ẹ ṣe máa da méjèèjì pọ̀ ló gba ọgbọ́n. Ẹ má sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ tún wá túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kejì. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì á rí i pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí èdè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń wù mí kí ègbè wà ní Yorùbá, torí ègbè ni àwọn èèyàn ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́ títí tí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu, kódà ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lílé lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé ìwé, ọ́fíìsì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, torí Gẹ̀ẹ́sì náà ni a sábà ń sọ níbẹ̀.

Ẹ má sì sáré wọ inú Gẹ̀ẹ́sì torí pé ìparí ìlà Yorùbá yín ò dún bákan náà. Ewì wa ò gbára lé ìyẹn. Àwítúnwí ló ń gbé e ró, àti kí ohùn ìlà kan lọ sókè kí èkejì wá sílẹ̀ láti dá a lóhùn.

Wọ́n ní ohùn orin mi ń yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kí ni mo ṣe?

Ohùn orin yín ló ń bá ohùn ọ̀rọ̀ jà. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: “Ilé ni mò ń lọ.” Tí a bá fi dò, re, mí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kà á, re-mí-re-dò-mí-re ni. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń dágbére fún ọ̀rẹ́, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ wá fi gìtá tàbí dùùrù wá ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀.

Orin ò ní láti dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin má sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ó lè gòkè díẹ̀, ó lè gòkè púpọ̀, ó tiẹ̀ lè dúró sójú kan. Etí á gbà á. Àmọ́ tí orin bá lọ sílẹ̀ ní “lé”, tó tún wá gun òkè ní “mò”, ìyá àgbà tó ń gbọ́ yín á béèrè pé kí lẹ ń wí.

Ìjà yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips, tó di atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, ní 1914, wà lára àwọn tó dìde sí i. Ó ń dá orin tí ohùn rẹ̀ ń bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn, ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yin náà ń ṣe nínú yàrá yín lónìí.

Ìlà Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí, ẹ lè gbé ohùn rẹ̀ lọ síbi tó bá wù yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ohùn fún ìlà Yorùbá ná, tí Gẹ̀ẹ́sì á wá wọ inú ohun tó bá kù.

Àwòrán mélòó ni orin ìṣẹ́jú mẹ́ta máa gbà?

Fíìmù máa ń lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń jẹ́ kí àwòrán kan gba àyè méjì, nítorí náà 12 ni ẹ máa yà ní gidi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180. Ẹ sọ 180 di ọ̀nà 12, ó di 2,160.

Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ègbè tó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta lè lo àwòrán kan náà, kí ẹ kàn yí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ijó tó ń yípo lè jẹ́ àwòrán 8 tàbí 12 tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Níbi tí ẹni náà bá dúró tó ń kọrin, ẹ ya ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹnu àti ojú nìkan. Tí ẹ bá ṣe ètò yìí dáadáa, èyí tí ẹ máa fọwọ́ yà ní tòótọ́ lè má tó ìdá mẹ́rin iye yẹn.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àwọn olórin títí tí yóò fi pẹ́ jù: ẹ yan bí bíìtì yín ṣe máa yára tó kí ẹ tó gba orin sílẹ̀. Tí bíìtì bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí fídíò yín sì ń lo àwòrán 24, bíìtì kọ̀ọ̀kan gba àwòrán 12 géérégé. Ní 96, ó gba 15. Ní 90, ó gba 16. Ní 80, ó gba 18. Àmọ́ ní 100, àwòrán 14 àti ìdá díẹ̀ ni, kò sì sí bí ẹ ṣe máa ya ìdá àwòrán. Ẹsẹ̀ oníjó yín á máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìlù tàbí lẹ́yìn rẹ̀, títí ẹni tó ń wò ó á fi mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé. Tó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ni ẹ ń ṣe é fún, àwòrán 25 ni wọ́n ń lò, ìṣirò á sì yí: 100 á wá gba 15, 125 á gba 12.

Báwo ni mo ṣe máa mú ẹnu àwòrán bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu? Àwọn àpẹẹrẹ tí mo rí, ti òyìnbó ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Àtẹ ẹnu tí wọ́n ń pín káàkiri, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní ẹnu tí ahọ́n ti yọ sáàárín eyín, Yorùbá ò sì ní ìró bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àtẹ tiyín. Ẹnu méje tó.

Èkíní, ètè tó pa dé pátápátá, fún b, m, p àti gb. Èkejì, eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, fún f. Ẹ̀kẹta, ètè tó ká roboto, tó kéré, fún o, u àti w. Ẹ̀kẹrin, roboto tó ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọ. Ìkarùn-ún, ẹnu tó là gbàgà, fún a. Ìkẹfà, ètè tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí eyín hàn díẹ̀, fún i àti e. Ìkeje, ètè tó fẹ̀ tó sì là, fún ẹ. Kọ́ńsónáǹtì tó kù kò nílò ẹnu tirẹ̀: k, g, t, d, l, r, s àti n máa ń wọ ẹnu fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé wọn. Fún ṣ àti j, kí ètè yọ síta díẹ̀. Fáwẹ́lì àránmúpè bí an, in àti ọn, ẹnu fáwẹ́lì lásán náà ni; imú ló ń ṣe ìyókù, a ò sì lè yà á.

Èdè wa wá fún ayàwòrán ní ẹ̀bùn ńlá kan níbí. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn nínú sílébù kan. Sílébù kan, ẹnu kan, ó sì máa ń parí pẹ̀lú ẹnu tó ṣí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré kan lè fi ètè pípa dé parí, kí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta sì fún mọ́ra wọn níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí orin yín bá yí láti Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń wo ẹnu náà gbọ́dọ̀ rí i pé ó ti yí.

Ẹ ṣọ́ p àti gb dáadáa. Ètè gbọ́dọ̀ pa dé ní àwòrán kan tàbí méjì kí ohùn tó jáde, kó sì wá bẹ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ara yín nínú dígí bí ẹ ṣe ń sọ “gbogbo”: ètè pa dé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣí sí roboto kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá gbàgbé láti pa ètè dé bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò lè sọ Yorùbá ni ẹ̀dá yín á ṣe rí.

Aṣọ ńkọ́? Agbádá ń fún mi ní wàhálà.

Aṣọ kì í gbéra kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó gbéra. Ẹ ya èjìká kó kọ́kọ́ lọ, kí etí agbádá tẹ̀ lé e lẹ́yìn àwòrán méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ara bá dúró, kí etí aṣọ kọjá ibi tí ara dúró sí díẹ̀, kó tó padà wálẹ̀. Ọkùnrin tó bá wọ agbádá máa ń gbé apá aṣọ náà lé èjìká ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá yín ṣe bẹ́ẹ̀ náà; ìṣe kékeré yẹn á sọ ibi tó ti wá kó tó la ẹnu. Gèlè ò mì bí aṣọ, orí ló ń bá lọ.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò? Mi ò lówó.

Krita, Blender àti OpenToonz, tí wọ́n fi ń ya kàtúùnù lórí kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. OpenToonz jáde láti ara Toonz tí Studio Ghibli ní Japan ń lò, ọdún 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Blender ni wọ́n fi ṣe fíìmù Flow tí mo dárúkọ lókè. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ fi FlipaClip bẹ̀rẹ̀. Fún orin, Audacity wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, BandLab sì wà lórí fóònù. Tí owó díẹ̀ bá wọlé, ohun tí mo máa kọ́kọ́ rà ni pátákó ìyàwòrán tí àwòrán kì í hàn lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ á kọ́kọ́ ṣàjèjì sí i, á sì mọ́ ọn lára.

Iná ni ọ̀tá wa. Ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kó máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Iṣẹ́ tó máa ń pẹ́, bíi kí kọ̀ǹpútà máa to àwòrán di fídíò, ẹ ṣe é apá-apá, kó má baà jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lẹ máa padà bẹ̀rẹ̀ tí iná bá lọ. Ẹ sì máa ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lórí háàdì tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọ inú ohùn mi.

Ẹ ṣí àpótí aṣọ, kí ẹ kọjú sí àwọn aṣọ tó gbé kọ́ síbẹ̀, kí ẹ kọrin sí wọn. Aṣọ máa ń mu ohùn tó fẹ́ padà wá. Ẹ lo máíkì irú èyí tí àwọn oníwàásù ń gbé lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó jìnnà bí ti sítúdíò. Ẹ dúró ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí i. Ìyókù, ẹ dúró de òru.

Bàbá mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ gidi. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ má bá bàbá jiyàn, ẹ fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ Kugali, tí Tolú Olówófóyèkú wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, bá Disney ṣe Iwájú, eré kàtúùnù nípa Èkó ti ọjọ́ iwájú, tó sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ sọ fún wọn pé Shofela Coker ti fi ìtàn Mọremí ṣe kàtúùnù tí Disney gbé jáde ní 2023. Àwọn àgbàlagbà mọ Mọremí.

Tí bàbá bá ní dandan ìwé ẹ̀rí ni, ọ̀nà wà. Yaba College of Technology, tó ti wà láti 1947, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. OAU ní Ifẹ̀ náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. MUSON ní Oníkàn sì ní ilé ẹ̀kọ́ orin. Aṣa pàápàá, ilé ẹ̀kọ́ orin Peter King ló ti kọ́ gìtá. Lójú tèmi, bàbá tó ń bínú yìí, ebi ni ò fẹ́ kó pa yín. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yẹn.

Báwo ni owó ṣe ń wọlé?

Díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀nà púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́. Kí YouTube tó lè máa fún yín ní owó ìpolówó, ẹ nílò èèyàn 1,000 tó tẹ̀ lé ìkànnì yín, àti wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wò yín láàárín oṣù 12. Tàbí kí fídíò kúkúrú yín ní ìwò mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Lẹ́yìn èyí, owó gbọ́dọ̀ pé 100 dọ́là kí wọ́n tó san án. Spotify, tó dé Nàìjíríà ní 2021, kì í ka owó fún orin tí wọn kò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan. Audiomack àti Boomplay ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé ti ń gbọ́ yín, ẹ má fojú kéré wọn.

Kàtúùnù máa ń lọ́ra láti ṣe, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì máa wà láàárín orin kan àti èkejì. Nítorí náà ẹ gé fídíò yín sí wẹ́wẹ́: ègbè nìkan, ijó nìkan, bí ẹ ṣe ya ẹnu. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti rí ọwọ́ tó ń yà.

Owó tó ń sanwó ilé fún ọ̀pọ̀ lára wa kò ti ara orin wá. Iṣẹ́ àwòrán fún ẹlòmíràn ni: fídíò ọ̀rọ̀ orin fún olórin mìíràn, ìpolówó, fídíò ẹ̀kọ́ fún ọmọdé, ìkéde ìlera. Ìṣẹ́jú àáyá ni kí ẹ fi máa ka iye owó yín, kí ẹ sì gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjèèjì tún ní àǹfààní kan, torí oníbàárà lè fẹ́ fídíò kan náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu gbogbo ló máa yí.

Ta ló ni orin àti àwòrán mi?

Ẹ̀yin, títí tí ẹ ó fi fọwọ́ sí ìwé tó sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan: ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹ dá, èkejì lórí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Kàtúùnù mú ẹ̀kẹta wá, ìyẹn fídíò náà àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ẹ̀tọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, kódà kí ẹ má tíì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Síbẹ̀, ó dáa kí ẹ fi tó àjọ Nigerian Copyright Commission létí. MCSN, ìyẹn Musical Copyright Society Nigeria, ń gba owó fún àwọn tó ń dá orin.

Ọjọ́ tí ẹ bá parí orin pẹ̀lú ẹlòmíràn ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá mélòó ni ti ta ni, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ tó bá yín kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀ lónìí lè ní ìyàwó àti ọmọ lọ́la.

Ilé iṣẹ́ kan fún mi ní ìwé àdéhùn nígbà kan lórí orin kan ṣoṣo. Nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tí mo máa ń yà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, di tiwọn ní gbogbo àgbáyé títí láé. A ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ̀dá tí ẹ ń yà níye lórí ju orin kan lọ, torí inú gbogbo orin tí ẹ ṣì máa kọ ló máa wà. Ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìparí, kí ẹ sì san owó fún lọ́yà kó bá yín kà á.

Ṣé mo lè lo orin àlọ́ tí ìyá àgbà kọ́ mi?

Ẹ lò ó, inú mi á dùn. Àlọ́ àpagbè bá iṣẹ́ yìí mu tímọ́tímọ́: ìtàn wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, ègbè ti wà nílẹ̀, Ìjàpá sì rọrùn láti yà. Àmọ́ òfin Nàìjíríà dá ààbò bo irú ogún bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tí mo dárúkọ lókè. Ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má kọ ọ́ sí àkọlé pé ẹ̀yin lẹ dá a.

Ṣé dandan ni kí n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú fídíò?

Fún mi, dandan ni. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá lára orin yín nílò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé: lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe odindi kan nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti àmì ohùn ni wọ́n so pọ̀, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ wọ́n á sì ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa. Ẹ kọ àkọlé pẹ̀lú àmì, kí ẹ tún kọ ọ́ láìní àmì nínú àpèjúwe, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ń wá a.

London ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá mi ò já gaara. Ṣé àwọn èèyàn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn kan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ Yorùbá tí ẹ ní, kó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí màmá tàbí àǹtí yín gbọ́ ọ kó tó jáde, kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ìlà méjì tó tọ́ dáa ju ìlà mẹ́jọ tí ẹ kó láti inú ẹ̀rọ ìtumọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ sí orin àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, torí ọ̀rọ̀ inú ilé ló máa ń wà nínú rẹ̀: oúnjẹ, ìpè, ìbáwí, àdúrà òwúrọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí yàrá yẹn ṣe rí. Ẹ yà á.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe ní oṣù yìí?

Ẹ kọ ègbè kan ní Yorùbá, ìlà mẹ́rin, bíìtì 16. Ẹ fi bíìtì 96 ní ìṣẹ́jú kan gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 10 gééré ni yóò jẹ́, ìyẹn àwòrán 120 tí ẹ bá ń ya 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ya ẹnì kan ṣoṣo láti àyà sókè. Ẹ ya ẹnu méje, ojú tó ṣí, ojú tó pa dé, àti orí tó ń mì sí ìlù ní àwòrán mẹ́jọ. Ẹ tò wọ́n síbi tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti bọ́ sí. Tó bá parí, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi han ẹni tó mọ orin náà, kí ẹ béèrè ìlà tí ẹnu náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ibi tí kò bá ti mọ̀, ẹ padà lọ wo p, b, m àti gb tó wà níbẹ̀, kí ẹ tún un yà, kí ẹ tó bọ́ sórí lílé.